Ogun Inú Oko Rùkáyátù

Bí ẹ bá bèèrè ẹni tó lórí kunkun jù ní àdúgbò wa ní Èjìgbò, wọn yóò ti nawọ́ sí ilé Rùkáyátù kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Mo gbà pé obìnrin náà lórí kunkun. Ohun tí n kò gbà ni kí ẹnikẹ́ni máa sọ ọ́ bí ẹni pé àrùn ni.

Àbíjàn ni òun àti Àdìsá ọkọ rẹ̀ ti lo ìgbà èwe wọn. Àdìsá ń ta aṣọ, Rùkáyátù sì ń se oúnjẹ fún opó Faransé kan tí gbogbo ilé ń pè ní Màdáàmù. Ní ọdún 1984, Màdáàmù ní òun fẹ́ lọ wo àwọn ibi tí àwọn baba ńlá òun ti jagun nílùú òyìnbó, ogun tí ọba Faransé àti ọba Gẹ̀ẹ́sì jà, tó ti lé ní igba ọdún. Orúnkún ń dùn ún, ó sì ní àfi kí Rùkáyátù tẹ̀ lé òun. Báyìí ni ọmọ Èjìgbò ṣe bá àwọn arúgbó òyìnbó wọ bọ́ọ̀sì kan náà, tí wọ́n ń ti pápá kan bọ́ sí òmíràn. Ọkùnrin kan tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ ni amọ̀nà wọn, òun ló ń júwe: ibí ni ọba dúró, ibí ni wọ́n gbé ìbọn àgbá sí, ibí ni òkú sùn lọ bẹẹrẹ.

Lọ́jọ́ kan, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, amọ̀nà yìí sọ ìtàn kan tó dùn mọ́ gbogbo wọn. Ó ní kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọ̀gágun méjèèjì kọ́kọ́ ṣí fìlà fún ara wọn, tí èkíní ń bẹ èkejì pé kí ó kọ́kọ́ yìnbọn. Àwọn arúgbó náà pàtẹ́wọ́. Ọmọlúàbí èèyàn! Ṣùgbọ́n inú oko olóko ni gbogbo wọn dúró sí. Àgbẹ̀ kan tẹríba níbẹ̀, ó ń roko, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Kò sẹ́ni tó kí i.

Ara Rùkáyátù kò gbà á. Nílé, ta ni yóò wọ oko láìkí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àfi olè? Faransé tó gbọ́ kò sì ní irú ìkíni bẹ́ẹ̀ nínú, ló bá fi Yorùbá ké e síta: “Àroko bọ́dún dé o!” Àgbẹ̀ náà nàró. Ó ṣí fìlà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ nǹkan kan lédè tirẹ̀. Rùkáyátù gbà pé àṣẹ ló ṣe.

Inú bí amọ̀nà. Ó ní òun ń sọ̀rọ̀ àwọn akọni, ọmọ ọ̀dọ̀ kan wá ń pariwo. Màdáàmù pàṣẹ pé kí ó sọ pàdọ́ọ̀nù, kí ó tọrọ àforíjì lójú gbogbo èèyàn.

“N kò ní í sọ ọ́,” ni Rùkáyátù fi Faransé dá a lóhùn. “Ẹ ń yin àwọn tó kí ara wọn kí wọ́n tó para wọn, ẹ ò wá lè kí ẹni tí ẹ ń tẹ oko rẹ̀ mọ́lẹ̀?”

Nígbà tí wọ́n padà dé Àbíjàn, iṣẹ́ bọ́. Àdìsá bi í léèrè bóyá pàdọ́ọ̀nù wúwo ju iṣẹ́ lọ ni. Ó ní ó wúwo jù ú lọ dáadáa. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn Àdìsá nítorí ẹ̀rín yẹn.

Wọ́n kó bọ̀ wálé. Àdìsá fún ìyàwó rẹ̀ ní ilẹ̀ nínú oko baba rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìsúndúnrin. Ẹ̀gẹ́ ni Rùkáyátù gbìn síbẹ̀, ó ń fi ṣe àtièkè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn tó ti Àbíjàn dé kò lè ṣe aláìjẹ. Lẹ́yìn náà Àdìsá kú. Rùkáyátù kò bímọ ọkùnrin fún un. Mùínàt nìkan ló bí, ìyẹn sì ti wà nílé ọkọ ní Máṣífà. Ẹ mọ ojú tí ẹbí fi ń wo irú opó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1993, àwọn ọmọ ìlú kan tó ń gbé Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, pé kí Èjìgbò náà ní ibi tí àlejò yóò máa wá wò. Ọ̀gbẹ́ni Matthias ni alága wọn. Wọ́n ti gbọ́ pé létí yàrà àtijọ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ oko Rùkáyátù kọjá, àwọn jagunjagun pàgọ́ síbẹ̀ láyé ogun. Kàsímù, àbúrò Àdìsá, sì ti fún wọn ní gbogbo ilẹ̀ náà, láìsọ fún ẹni tó ń roko níbẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé kan ni wọ́n dé, àlejò rẹpẹtẹ, Kàsímù níwájú, pátákó ńlá lórí ọkọ̀. Rùkáyátù wà láàárín ebè, ó ń ro oko lọ́wọ́. Matthias gba orí ebè kọjá, bàtà rẹ̀ ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó ń nawọ́ síwájú: “Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi, ibí ni àwọn akọni wa dúró!”

“Ẹ̀yin náà, ẹ dúró níbẹ̀!” Ohùn Rùkáyátù dá gbogbo wọn dúró. “Ẹ padà sójú ọ̀nà. Ẹ tún un wọ̀.”

“Ìyàwó wa, má dójú tì mí o,” ni Kàsímù wí. “Ilẹ̀ baba mi ni.”

“Ilẹ̀ baba yín ni, ọkọ mi. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbà á, ojú mi ni kó ti wá gbà á, kó má gbà á lẹ́yìn mi.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n wọ́n padà. Ojú ń ti Matthias nígbà tó tún wọ oko. “Àroko bọ́dún dé o, Ìyá.”

“Àṣẹ. Ẹ káàbọ̀. Kí lẹ wá wò?”

“Ojú ogun ni, Ìyá. A fẹ́ ri pátákó mọ́lẹ̀ níbí, kí ibẹ̀ lè di ti àlejò.”

“Ojú ogun? Kò burú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi í han èèyàn. Ẹ tẹ̀ lé mi.”

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sókè, ó sì fi èèkù rẹ̀ tọ́ka sílẹ̀. “Ibí ni Àdìsá ṣubú sí. Èmi nìkan ni mo pọ̀n ọ́n lọ sójú títì, ẹ̀yìn mi ló kú sí.” Ó rìn síwájú. “Ibí ni iná àwọn tó ń dọdẹ òkété ti wọlé, ó jó gbogbo ẹ̀gẹ́ ọdún yẹn ráúráú. Mo tún un gbìn kí eérú tó tutù.” Ó tún rìn síwájú, ó sì yíjú sí Kàsímù. “Ibí ni ọkọ mi yìí ri pèrègún mọ́, tó fi ń pààlà, nígbà tí a ò tíì ṣe fídáù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo hú u. Ó ri òmíràn. Mo tún hú u. Ojú ihò rẹ̀ nìyí.”

Matthias wo ojú ihò náà, ó yíjú sí Kàsímù. Inú mi dùn pé òun ló yíjú sí.

“Alàgbà,” ni Matthias sọ fún un, “ẹ ò sọ fún wa pé èèyàn ń roko níbí.” Kàsímù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Matthias ní kí wọ́n má wulẹ̀ sọ pátákó kalẹ̀, kí àwọn máa lọ.

Ọmọbìnrin kan láàárín àwọn àlejò, Ọmọpẹ́ lórúkọ rẹ̀, dúró sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ lórí ebè. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo wá ni ogun náà parí?”

“Ta ló sọ fún ọ pé ó ti parí?” ni Rùkáyátù wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ebè tó kàn.