Ìwé Ìpè Aago Mẹ́wàá

Ìwé tí ìjọba fún wa láti fi kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹfà ní àpẹẹrẹ ìwé ìpè kan ṣoṣo. Ẹnì kan ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ìkómọ. Ó ní kó gba iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, kó yà sọ́wọ́ òsì níbi tí iná títì wà, kó sì dé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ní abúlé tí wọ́n gbé mi lọ, láàárín omi Ìlàjẹ, kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sí títì, iná kan ṣoṣo tí a sì ń rí ni ti àwọn elépo rọ̀bì, tó ń jó lójú òkun tọ̀sán-tòru. Mo kọ́ wọn bó ṣe wà nínú ìwé. Wọ́n dà á kọ.

Òkè ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ilẹ̀ ti le. Mo ti lo ọdún méjì lórí omi nígbà náà, síbẹ̀ mo ṣì máa ń wá nǹkan dì mú tí mo bá ń gba orí afárá pákó lọ sí kíláàsì. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń sáré lórí rẹ̀. Ohun tó dá mi lójú jù ní gbogbo àdúgbò náà ni bíírò pupa mi.

Nígbà tí ọdún ń parí, ọ̀gá àgbà ní kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ ìwé ìpè sí àwọn òbí fún ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn. Èmi yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò tún un kọ dáadáa, a ó sì fi ránṣẹ́. Ọ̀kan kọ pé kí bàbá òun wá, ṣùgbọ́n kó má mú ìyàwó kejì wá. Ọ̀kan ní kí wọ́n gbé àga tiwọn dání. Ọ̀kan pe ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, tó ń ta ẹ̀pà, ó sì júwe ọ̀nà fún un. Mo fi bíírò pupa tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo sì ní kí gbogbo wọn kọ aago mẹ́wàá bó ṣe wà nínú ìwé.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó máa ń ṣe ipò kìn-ín-ní. Bàbá rẹ̀ ń gbé ní àgọ́ àwọn apẹja, kì í sì í wálé púpọ̀. Ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé lọ́jọ́ kan. Ó ní àǹtí bàbá ọmọ náà tó wà ní Abereke ti ní kí wọ́n fún òun lọ́mọ náà, kó máa bá òun yan ẹja, bàbá rẹ̀ kò sì tíì sọ pé rárá. Ó ní tí ọkọ òun bá lè fojú ara rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ náà lẹ́bùn, yóò jẹ́ kó lọ sí girama. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ohun tí ọmọ náà kọ rèé: “Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sí ilé-ìwé wa lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ bá omi wọlé ní ìdájí, torí pé yóò ti fà kí oòrùn tó ga.” Mo fi ìlà pupa pa gbolóhùn kejì rẹ́, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, “Aago mélòó?”

Ó wá dúró níwájú tábìlì mi. Ó ní, “Tísà, omi ò ní sí ní aago mẹ́wàá.”

Mo ní, “Ṣé omi ló ń pè wọ́n ni, àbí ìwọ?”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn ẹ̀rín náà. Ó padà lọ jókòó, ó kọ aago mẹ́wàá, mo sì fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ Ẹtì náà, kí n tó wẹ̀ tán, àwọn òbí ti kún ilé-ìwé. Ìdájí ni wọ́n ti bá omi wọlé, àwọn kan ti ń sùn lórí bẹ́ǹṣì. Mo bi ìyá kan léèrè ohun tó mú kí wọ́n tètè dé tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé aago mẹ́wàá ló wà nínú ìwé.

Ó ní, “A rí i, tísà.” Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, omi ti fà lọ, ó ku ẹrẹ̀ dúdú níwájú wa, akàn ń rìn lórí rẹ̀. Ní aago mẹ́wàá, ọkọ̀ kan yọ. Bàbá ọmọ náà ni. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi ọ̀pá ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀, ọkọ̀ náà sì jókòó sórí ẹrẹ̀. Ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí i pé aṣọ funfun ló wọ̀, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ wa tó láti bá wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ̀ sínú ẹrẹ̀ yẹn, àyà ló máa dé. Ó jókòó, ó ń wò wá.

Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ. Wọ́n pe ọmọ náà, ó gba ìwé atúmọ̀ èdè àti abọ́ táńganran. Dípò kó kọjú sí àwọn àlejò, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó gbé ẹ̀bùn náà sókè sí ọ̀nà omi. Bàbá rẹ̀ dìde nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kò mì rárá. Ó tún jókòó. Ojú tì mí débi pé n kò lè pàtẹ́wọ́.

Aago mẹ́ta kọjá kí omi tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn àlejò ti ń lọ. Mo bá ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

Ó ní, “Tísà, mo mọ̀ pé omi máa fà. Àmọ́ ẹni tó ka ìwé náà fún mi ní aago mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Mo ní kó tún un kà. Mo wá rò ó pé àwọn elépo tó ń gbẹ́ ọ̀nà omi kiri ti bá yín gbẹ́ tibí. Mo ní ẹni tó kàwé kò lè pè mí síbi tí n kò ní lè dé.”

Mo ní, “Bàbá, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ó kọ òótọ́, èmi ni mo pa á rẹ́.”

“Ó sọ fún yín?”

“Ó sọ fún mi, sà. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó ní, “Girama tí ìyá rẹ̀ ní kí n rán an lọ yìí, ṣé irú yín ló wà níbẹ̀?”

Mo ronú nípa àwọn olùkọ́ girama tí mo mọ̀. Mo ní, “Púpọ̀ wọn, sà.”

Ó ní, “Ẹ bẹ ọma mi, kí n gbọ́.”

N kò bẹ ọmọ ilé-ìwé rí láyé mi. Mo yíjú sí i, mo ní, “Má bínú. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n.” Ó kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀, kó tó dá mi lóhùn pé ó ti tán.

Bàbá náà gba ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i láàárín, ó wò ó, ó pa á dé, ó sì dá a padà fún un.

Ó ní, “Ó máa lọ. Àmọ́ ohun tó bá mọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́.”