Ẹ̀fín Inú Ilé Onígi

Wọ́n lẹ ayédèrú igi àtijọ́ mọ́ àjà ilé kọfí kan ní Salford Quays nílùú ọba. Òórùn iná igi ibẹ̀ rán mi létí ilé ìyá arúgbó òyìnbó kan tí màmá mi máa ń tọ́jú lábúlé kan níbí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ilé onígi dúdú ni, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí. Àwọn òyìnbó ń yà á ní fọ́tò. Tó bá jẹ́ nílé wa ni, a ti wó o.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi kúnlẹ̀ kí ìyá náà bó ṣe máa ń ṣe, kò dìde mọ́. Ó gbórí lé e lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá náà ń fọwọ́ pa á lórí.

“Mọ́mì, kí ló dé?”

“Ẹ̀fín ni jàre. Lọ ṣeré níta.”

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ọ̀sán yẹn ni wọ́n ń sin ìyá tó bí màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì lè lọ nítorí físà.

Lọ́jọ́ náà, mo sáré jáde lọ lé pẹ́pẹ́yẹ, inú mi ń dùn.