Láti Ọjọ́ Tí Ẹ̀jẹ̀ Kọ́kọ́ Yọ

Dókítà yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ mi, mo sì rí inú ara mi. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo fi dùbúlẹ̀, okùn gígùn tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wà nínú ìfun ńlá mi. Ìrora náà ò kéré, ṣùgbọ́n mo gbàgbé ẹ̀. Awọ ìfun tó yẹ kó máa dán ti bó, ó pọ́n bí eékún ọmọ tó ṣubú lórí kọnkéré.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ ná," ni mo wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì rí aláìsàn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tètè yọ ọ́. "Kòkòrò kọ́ ló fa egbò yìí," ni wọ́n ṣàlàyé. "Àwọn ọmọ ogun ara yín ló ń bá ìfun yín jà."

Fíríìjì ni mo ń tún ṣe ní Ibafo. Ẹni tó ń fojoojúmọ́ wá ibi tí páìpù ti ń jò ò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó má wádìí ẹ̀. Mo ń kàwé lórí fóònù, mo ń da ìbéèrè bo àwọn nọ́ọ̀sì. Mo kọ́ pé bí egbò náà bá ṣe pẹ́ sí, tó sì gbilẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ewu jẹjẹrẹ ìfun ṣe ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wa ò ní ní in láéláé, ṣùgbọ́n tó bá ti ń tó ọdún mẹ́jọ tí àmì àkọ́kọ́ ti yọ, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ máa padà wọlé lọ wò ó, kódà bí ara ẹni bá le. Tèmi gba gbogbo ìfun ńlá. Láti ọjọ́ tí wọ́n fi egbò náà hàn mí, mo ka ọdún márùn-ún. Ó ku mẹ́ta, ọkàn mi balẹ̀.

Ó balẹ̀ títí di Sátidé kan tí mo lọ kí ìyá mi ní Ifo. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lójúde, mo jókòó tì wọ́n, mo ń ṣàlàyé ìfun bí ìṣe mi.

"Dókítà onífíríìjì," ni wọ́n wí, "ọdún mélòó lo ní ó ti ń ṣe ọ́?"

"Márùn-ún, Màámi."

"Márùn-ún kẹ̀! Nígbà tí o ń kọ́ṣẹ́, ta ló ń se àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún ọ? Ṣòkòtò tí ẹ̀jẹ̀ kún, ṣé aládùúgbò ló bá ọ fọ̀ ọ́? Mo ní kí o yé fi ṣúgà mu gàárì, o ò gbọ́!"

Mo rántí ìgbà ìkọ́ṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀, inú rírun, ìgbọ̀nsẹ̀ tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni: jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ilé pè é. Ó máa ń lọ, ó máa ń padà dé. Ọjọ́ tí dókítà fún un lórúkọ ni mo ti ń kà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá. Kò sí ọdún mẹ́ta kankan nílẹ̀ mọ́.

Nínú ọkọ̀ padà sílé wa ní Mowe, gbogbo bí ikùn mi ṣe ń kùn, jẹjẹrẹ ni mo ń gbọ́. Gbogbo ohun tí mo ti kà dìde sí mi: pé ó lè wà níbẹ̀ kó má dunni rárá, pé nínú ìfun bíi tèmi, ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí àbàwọ́n, kó ṣòroó rí. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu. Ìyàwó mi wò mí títí.

"Ṣé dókítà ní jẹjẹrẹ ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń fi ohùn ìdágbére bèèrè omi?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo pe ilé ìwòsàn, mo ní kí wọ́n tún wá fi kámẹ́rà wo ìfun mi.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, mo mu oògùn oníyọ̀ tó ń fọ ìfun mọ́. Ìyàwó mi kó gbogbo sóbò inú fíríìjì fún aládùúgbò, torí ohun pupa lè jọ ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà.

Dókítà tún yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi. "Ẹ wá wo nǹkan yín." Mo dijú. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ní kí nọ́ọ̀sì gbé ike kan wá, kó tún gbé òmíràn: wọ́n ń já awọ ìfun bíńtín-bíńtín láti òkè dé ìdí. Nígbà tí wọ́n dé apá òsì, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì wá wò ó. Kókó kan wà níbẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní lábù. Èmi tó ní kí wọ́n dúró síbẹ̀ níjọ́sí, mo ṣì dijú.

Èsì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò sí jẹjẹrẹ nínú ìkankan, kò sì sí ibi tí awọ ìfun ti ń yí padà sí i. Àpá egbò àtijọ́ ni kókó yẹn. Ṣùgbọ́n apá òsì ṣì pọ́n, egbò ibẹ̀ ò tíì san. Wọ́n fi kún oògùn mi, wọ́n ní kámẹ́rà gbọ́dọ̀ padà wọlé kí ọdún kan tó pé.