Ègé Aṣọ Funfun

Bí mo bá rí ègé aṣọ funfun, ọ̀gá wa obìnrin nílé iṣẹ́ aṣọ ní Ìkẹ́rẹ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Òun ló ń ṣọ́ omi aró tí à ń dà jáde. Láràárọ̀, á ri ègé aṣọ bọ inú gọ́tà tó ń gbé omi náà lọ sódò, á sá a, á fi píìnì há a mọ́ ìwé. "Ẹnu lè purọ́," á ní, "aṣọ funfun ò mọ irọ́ pa."

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbẹ̀ kan láti ìsàlẹ̀ odò gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá.

"Omi tí mò ń bù lọ sí ulé rèé! Ẹ bù ú mu ká wò ó."

Máníjà ní omi wa mọ́. Ọ̀gá wa ṣí ìwé rẹ̀ síwájú wọn: búlúù ni gbogbo ègé aṣọ náà. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n máníjà sorí kọ́, wọ́n sì gbẹ́ kòtò tí wọ́n fi iyanrìn àti èédú kún, kí omi máa gbabẹ̀ jò.

Láàárọ̀ tí omi kọ́kọ́ gbabẹ̀ kọjá, gbogbo wa dúró ti ọ̀gá wa. Ó ri ègé aṣọ bọmi. Funfun ló jáde. A mí kanlẹ̀. Ó fẹ́ há a mọ́ ìwé, àmọ́ omijé ti dé. Ó fi aṣọ náà nu ojú rẹ̀.

Títí dòní, píìnì nìkan ló wà lójú ewé ọjọ́ náà.