Ewé Tí Lalmuni Já

Nígbà òtútù, tí kùrukùru kì í jẹ́ kí a rí orí ilé ìsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, Lalmuni ni obìnrin tó máa ń jókòó sápá òsì ẹnu ọ̀nà, tó ń ta ewé. Àtẹ ìlẹ̀kẹ̀ tèmi ló tẹ̀ lé tirẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi jókòó bẹ́ẹ̀, a sì ti ja ìjà tó pọ̀ ju ìlẹ̀kẹ̀ mi lọ.

Igi inú ọgbà ilé ìsìn náà jẹ́ irú-ọmọ igi tí Búdà jókòó sábẹ́ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi là. Ewé tó bá fúnra rẹ̀ já bọ́ nìkan lèèyàn gbọ́dọ̀ ṣà. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kéèyàn fọwọ́ já a. Ṣùgbọ́n èyí tó ti gbẹ kò ṣeé rẹ sómi, yíya ló máa ń ya. Ewé tútù ló ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ara rẹ̀ fi ń jẹrà, tí iṣan rẹ̀ nìkan á kù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí àwọ̀n. Irú rẹ̀ làwọn àlejò láti Thailand àti Japan ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ti Lalmuni kì í ya. Kò sẹ́ni tó bi í nídìí rẹ̀. Èmi náà ò bi í, torí òun ló ń bá mi já tèmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bọ́ǹbù dún níbi tí wọ́n ti ń tan fìtílà, tó pa ìyá arúgbó kan nínú àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń fá orí, gbogbo wa ló ń ké. Lalmuni kàn jókòó ni. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọlọ́pàá mú Tasleem tó ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà. Mùsùlùmí ni, àpò tó fi ń gbé ìkòkò tíì sì tóbi. Wọn ò wá ẹ̀rí míì. Ẹsẹ̀ Tasleem kan kúrú láti kékeré, àtẹ̀gùn mẹ́ta lásán ń dá a lágara.

Ìgbà yẹn ni Lalmuni tó sọ ọ́ sí mi létí.

"Ìyá Bittu, mo rí ọkùnrin tó gbé e síbẹ̀."

"Níbo lo wà?"

"Orí igi."

Ó ní ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tóun gba ihò kan lára ògiri ọgbà, lẹ́yìn adágún omi, wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin gíga kan fo ògiri náà, ó fi aṣọ ajẹ́jẹ̀ẹ́ bora, ó sì ti àpò kan sábẹ́ tábìlì fìtílà. Ohun tó bí Lalmuni nínú ni pé ó wọ bàtà. Bàtà, nínú ọgbà tí ọba pàápàá ń fẹsẹ̀ lásán wọ̀.

"Mo fẹ́ pariwo lé e lórí," ló wí. "Mo wá wo ọwọ́ mi, ewé ló kún un."

"Ẹni tó jí kàkàkí ọba gbé, níbo ló ti fẹ́ fọn ọ́n?" ni mo sọ. "Pa ẹnu ẹ mọ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé gbogbo wa kúrò níbí ni? Wọ́n á tú Tasleem sílẹ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n tú irú wọn sílẹ̀ rí?"

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Ojú ṣì ń tì mí pé ẹnu mi ló ti jáde.

Ìyàwó Tasleem wá ń ta tíì náà fúnra rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gbé ife kan fún Lalmuni bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe. Kò mọ nǹkan kan. Lalmuni ò lè kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mu ún. Lọ́jọ́ kejìlá tí bọ́ǹbù dún, ó gbé ife náà sílẹ̀, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Toppo, ọ̀gá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, kò gbà á gbọ́. Ó mú un wá síwájú àtẹ mi.

"Màmá, obìnrin yìí ní òun máa ń gun igi yẹn lọ já ewé. Olórí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní irọ́ ni, pé ilẹ̀ lẹ ti ń ṣà á. Èmi rò pé aládùúgbò ẹ̀ tó ń ta tíì ló kàn fẹ́ yọ. Ṣé ó máa ń já a àbí kì í já a?"

Àwọn òǹtajà yòókù ń wò mí bí ẹni máa jẹ mí. Bí mo bá ní rárá, àtẹ mi á dúró, Tasleem á sì jẹrà sẹ́wọ̀n. Inú bí mi sí Lalmuni gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa bọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ àtẹ mi jáde, mo sì ṣí i. Ọ̀gá náà di imú. Ewé tútù ló kún un dé ẹnu, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ṣì wà lára àwọn kan.

"Òun ló já a fún mi," ni mo sọ. "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an."

Wọ́n lọ wo ẹ̀yìn adágún. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ, ojú bàtà ńlá wà nínú rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lásán Lalmuni sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ Tasleem ò lè fo ògiri, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n Toppo ò jẹ́ kí Lalmuni lọ.

"A ò tíì mọ ẹni tó ni bàtà," ló wí. "Ẹsẹ̀ tiẹ̀ la mọ̀."

Wọ́n ti dí ihò náà. Wọ́n ti lé èmi náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé tíì Tasleem lọ fún Lalmuni ní àtìmọ́lé. Ó di irin fèrèsé mú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Chanda ọmọ rẹ̀ ló máa bi mí.

"Ìyá Bittu, ká ní mo pariwo lé e lórí nítorí bàtà yẹn, ṣé ìyá arúgbó yẹn ì bá ṣì wà láyé?"

Mi ò lè purọ́ fún un mọ́.

"Bóyá," ni mo sọ.

Ó gba ife náà, ó mu ún tán.