Ẹsẹ̀ Bàtà Kan ní Ọjà Oǹdó

Àwọn tó bá gbọ́ pé ọmọ méje ni mo bí máa ń kọ́kọ́ ṣàánú mi kí wọ́n tó kí mi. Wọ́n á ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé eré ni wọ́n ń ṣe. Mi ò kì í dá wọn lóhùn mọ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kò sí ilé tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín tó tiwa ní gbogbo àdúgbò wa ní Àkúrẹ́, òkìrìkà ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rín náà.

Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, tí a fọ aṣọ tán, tí a gbálẹ̀ tán, ọjà òkìrìkà ló kàn. Nígbà mìíràn a ó lọ sí Ọjà Ọba, nígbà mìíràn Ìsìnkàn. Ẹni tó bá ń ra òkìrìkà mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá ń ṣí béèlì ni kéèyàn ti wà níbẹ̀, torí ọjà tó dára kì í dúró de ẹni tó sùn jù. Èmi àti gbogbo àwọn ọmọ la jọ ń lọ, ṣùgbọ́n a kì í jọ dé ibẹ̀. Bí olùtajà bá rí ìyá kan tí ọmọ méje tò tẹ̀ lé lẹ́yìn, ó ti mọ̀ pé àìní ló gbé e wá, owó ọjà á sì gbéra sókè. Nítorí náà mo kọ́ wọn pé kí a pín ara wa yí béèlì ká bí ẹni tí kò rí ara rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan nǹkan kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni. Bí o bá tilẹ̀ bá ẹ̀gbọ́n rẹ níbi tó ti ń ná ọjà, ojú àlejò ni kí o fi wò ó. Àbíkẹ́yìn mi mọ eré yìí débi pé ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá." Mo ní kí Ọlọ́run wò ó dàgbà, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí olùtajà má baà rí ẹ̀rín mi.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀, oníkálùkù á wọ ohun tó rí, á rìn kọjá níwájú wa, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó mú ojúlówó bọ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ọmọ tèmi ní méjèèjì. Àkọ́bí mi rí aṣọ òjò kan tó nípọn bí awọ, ó sì ń wọ̀ ọ́ nínú ọyẹ́. Àwọn ìbejì rí síkẹ́ẹ̀tì méjì tó jọra bí ẹni pé wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Àbíkẹ́yìn rí fìlà onírun kan tó bo etí méjèèjì, ti àwọn tó ń gbé nínú yìnyín, ó sì fi sùn ní oṣù tí ooru ń pa adìẹ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí mo rí ni kóòtù kan tí àpò wà lára rẹ̀ lọ́tùn-ún, lósì, nínú, lóde. Mo máa ń wọ̀ ọ́ lọ sí ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, mi ò sì mọ àpò tí ṣọ́ọ̀kì mi wà títí òní.

Ọkọ mi kì í bá wa lọ. Ọmọ bíbí Oǹdó ni, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, ó sì wà lára àwọn àgbà ìjọ wa. Bí a bá ń ṣe ìran wa lálẹ́ Sátidé, á jókòó sórí àga rẹ̀, á fi ìwé ìròyìn bo ojú, á ní ìranù ni. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kì í ṣí ìwé náà sí ojú ewé mìíràn títí a ó fi parí.

Ọmọ mi kẹrin ló kó wa sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tóbi ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ. Láti kékeré ló ti ń bá àwọn ọmọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé-ìwé, àwọn fúnra wọn ló sì ń wá pè é nílé. Olùkọ́ eré ìdárayá rẹ̀ rí i, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò tí wọ́n fẹ́ fi ṣa àwọn ọmọbìnrin agbábọ́ọ̀lù jọ káàkiri ìpínlẹ̀ wa. Ìlú Oǹdó ni wọn yóò ti ṣe é, lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá ní bàtà bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wọ pápá. Tuntun tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ́ ọmọ méje kì í wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀.

Mo bá ọkọ mi sọ ọ́. Ó ní òun ò ní í fi kọ́bọ̀ òun sí i. Ó ní ọmọbìnrin tí orúnkún rẹ̀ kún fún àpá, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ó ní kò sí obìnrin nínú ìdílé àwọn tó sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù rí, ti òun kọ́ ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà wà ní ìdí ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kò burú. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé bí mo bá ti ní kò burú, ó ti burú nìyẹn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà. A wá a ní Ìsìnkàn, a wá a ní Ọjà Ọba, a tú àpò bàtà títí ọwọ́ wa fi ń rùn rọ́bà. Àwọn ọmọ yòókù pa tiwọn tì. Kò sẹ́ni tó tún wo fìlà tàbí síkẹ́ẹ̀tì. A rí èyí tó kéré, a rí èyí tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ká tán bí eyín arúgbó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la rí ọ̀kan tó fẹ́ẹ̀ gbà á. Ọmọ náà ká ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, ó tì í wọlé, ó ní ó bá òun mu. Mo wo ojú rẹ̀, mo bọ́ bàtà náà, mo sì dá a padà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí a ti ń gé ẹ̀fọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Bóyá ohun tí Dádì sọ náà ni Ọlọ́run sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bàtà ò tíì tán láyé. A ó rí i."

Tíṣà ẹgbẹ́ mi kan ló sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní ọjà Oǹdó tó jẹ́ pé bàtà nìkan ló ń tà, àárọ̀ Sátidé ló sì máa ń tú àpò. Sátidé tó kàn sì ni ọjọ́ ìdánwò gan-an, ọ̀sán ni wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Mo rò ó pé bí a bá tètè dé, a ó ra bàtà lọ́jà, a ó sì gba ibẹ̀ lọ sí pápá. Mo kéde rẹ̀ nídìí oúnjẹ lálẹ́ Fráìdé, mo sì gbé ohùn sókè kí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn lè gbọ́. Ọkọ mi ní òun ní tòun, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ní Ìpogun lòun ń lọ, òun ò sì ní í tètè dé. Kí a tó jí lọ́jọ́ kejì, ó ti jáde. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun. Mo ń sọ ọ́ nínú ara mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní sá lọ, ọmọ ẹni ló lè sá lọ mọ́ni lọ́wọ́.

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oǹdó. Mo fi ọmọ náà sí ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà, torí ẹnikẹ́ni tó bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sálúbàtà á ti mọ ohun tí a ń wá. Àwa tó kù pín ara wa gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Èrò ti pọ̀ kí a tó dé. Obìnrin oníbàtà náà dúró láàárín lórí àpótí, ó tú àpò sílẹ̀, bàtà sì ya lulẹ̀ gììrì, òmíràn tí okùn so pọ̀, òmíràn tó ti já kúrò lára ìkejì rẹ̀. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí adìẹ tó rí àgbàdo. Ẹ̀rọ ìlọta kan ń han lẹ́yìn wa, èèyàn ò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Mo rí i. Ẹsẹ̀ òsì ni, dúdú, eyín rẹ̀ pé, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Mo fà á mọ́ àyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kejì wá ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mi ò rí i. Ni mo bá ké sí olùtajà pé ìkejì rẹ̀ dà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní bàbá kan ló dì í mú ní òdìkejì, ó sì ń bèèrè ẹsẹ̀ òsì.

Mo ní kó sọ fún un pé kó jù ú sílẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó padà dé, ó ní bàbá náà ní òun kì í ju ohun tí òun bá ti dì mú sílẹ̀. Èrò tó wà láàárín wa ò jẹ́ kí n rí ju fìlà kan lọ, fìlà náà sì tẹrí mọ́lẹ̀. Mo ní kó bá mi sọ fún un pé arúgbó kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ó lọ, ó bọ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá ní ṣé ìyá náà ló wá fẹ́ gbá a ni? Bí inú bá bí mi, ohùn Àkúrẹ́ ló máa ń jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Sọ fún un kó máa lọ sí ulé rẹ̀." Obìnrin náà ò tiẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ yẹn mọ́. Ó ti rí i pé èèyàn méjì fẹ́ bàtà kan, ó sì bu owó lé e. Mo ní mo gbà. Bàbá náà ní òun gbà, òun sì lé sí i. Mo lé ju tirẹ̀ lọ. Mo ti pinnu pé bí mo bá tiẹ̀ máa bọ́ gèlè orí mi lé e, bàtà yẹn ń bá mi lọ.

Àkọ́bí mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo rí i tó ń wò mí, tó ń wo òdìkejì, tó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì la ojú sílẹ̀. Mo rò pé ìdààmú ọmọ ni. Kò pe ẹnikẹ́ni, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ.

Níkẹyìn, ó rẹ olùtajà. Ó ní kí àwa méjèèjì dìde dúró, kí oníkálùkù sọ ohun tó fẹ́ fi bàtà ṣe, òun ó tà á fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wọ òun létí. Ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́ lásìkò yẹn gan-an, bàbá náà sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kó tó nàró.

Ó ní, "Bàtà ọmọ mi ni. Ọmọbìnrin ni, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, òní ni ìdánwò rẹ̀. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti wà níbí."

Èmi náà nàró. Ọkọ mi ni. Ó fa fìlà bo iwájú orí bí ẹni tó fẹ́ jalè, ẹ̀wù oko ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú mọ́ àyà bí mo ti di ẹsẹ̀ òsì mú. A wo ara wa. Àwọn ọmọ ti bú sẹ́rìn-ín káàkiri béèlì, olùtajà sì ń bèèrè kí ló dé tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bá a jà nítorí irọ́ Ìpogun tó pa fún mi. Dípò ìjà, omijé ló bọ́ lójú mi láàárín ọjà, ojú sì tì mí. Ọkọ mi na ọwọ́ kọjá láàárín èrò, ó gba ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà kọ̀ láti mú owó tí a ti fẹnu ara wa lé sókè wálẹ̀, ó ní àwa la ná an débẹ̀, a sì san án.

A yà mú ọmọ náà lọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì, gbogbo wa sì jọ lọ sí pápá. Àwọn ọmọbìnrin tó kù ti wọ bàtà, wọ́n ti ń sáré kiri. Ọmọ náà jókòó lórí koríko, kò tíì gbàgbọ́ pé bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì ń wo ojú mi bóyá n ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó na ọwọ́ kó gba bàtà. Ọkọ mi ò fún un. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, òun tí kì í kúnlẹ̀ bí kò ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọn iyanrìn kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ ọ̀kan fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn rẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n wò. Na ẹsẹ̀ kejì wá."