Ariwo Tí Mo Pa Nítorí Rámátù

Èmi ni mo gbé gbohùngbohùn lọ síbi ìwọ́de àwọn tí ariwo ń gún létí bí abẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò fi tipátipá mú mi. Èmi fúnra mi ni mo lọ yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ awakọ̀, tí mo gbé e kọ́ èjìká, tí mo ń yan bí ọ̀gágun. Ayé ológun ni o, ó ku díẹ̀ ká wọ àwọn ọdún aádọ́rùn-ún, nígbà tí gbogbo ohun tí ìjọba ń náwó lé lórí ń di títì pa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Káfíńtà ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkeje kọ̀ mí. Síbẹ̀ mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ káfíńtà, a sì ti da iṣẹ́ sílẹ̀ rí, tí a pariwo títí wọ́n fi dá wa lóhùn. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo rí kọ́ níbẹ̀: ìjọba ò létí, àfi kéèyàn lu nǹkan sí i.

Rámátù ni ọmọ àbúrò mi obìnrin, Sàfúrátù. Ó ti tó ẹni tí à ń wá ọkọ fún nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti gbọ́ orúkọ tí òyìnbó ń pe irú ìṣẹ̀dá rẹ̀, ọ́tísíìmù. Àwa ò gbọ́ ọ rí. Ọ̀dọ̀yọ̀ ni àwọn aládùúgbò ń pè é, èmi náà kì í sì í bá wọn jà sí i. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀, ìparí ọ̀rọ̀ rẹ ni yóò sọ padà fún ọ.

"Rámátù, ṣé o ti jẹun?"

"Ti jẹun."

Kò sì tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀yọ́, níbi tí òun àtàwọn bíi tirẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́. Tíṣà wọn, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, kì í fi iṣẹ́ kan náà lé gbogbo wọn lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ràn omi ló ń fọ abọ́. Ẹni tí kò lè jókòó á kọ́kọ́ rìn yí pápá ká. Rámátù ń dán igbá fún àwọn tó ń fín in. Ni ìjọba bá ránṣẹ́ pé àwọn máa ti yàrá náà. Wọn ó kó gbogbo wọn lọ sí ilé ńlá kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́nà Ìrẹsà, ilé onígéètì àti ẹ̀ṣọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún òbí ni òbí lè wá wo ọmọ rẹ̀.

Sàfúrátù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà ìjà. A fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ jókòó jẹ́ẹ́ síwájú ọ́fíìsì ìjọba tó fẹ́ ti yàrá yẹn, kí ọ̀gá ibẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí wọn."

Mo rẹ́rìn-ín. "Jókòó jẹ́ẹ́? Ìrun Jímọ̀ lẹ fẹ́ lọ kí ni, àbí ìjà lẹ fẹ́ jà? Fi í sílẹ̀ fún èmi."

"Bọ̀ọ̀dá, ariwo yẹn..."

"Mo ní fi í sílẹ̀!"

Ó fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bí àwọn ìyá ti ń tẹ́ ẹní síwájú ọ́fíìsì tí wọ́n ń mú ọmọ wọn jókòó, àwa káfíńtà dé tòun ti páànù, irin àti àgbá òfìfo. Mo fẹnu sí gbohùngbohùn: "A ò gbà o! A ò ní gbà!" Àwọn tèmi lu àgbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ yàrá náà bẹ́ sí títì, ìyá rẹ̀ ń sá tẹ̀ lé e. Rámátù fọwọ́ méjèèjì bo etí, ó ń forí lu ilẹ̀. Mo rò pé ìjà ló ká a lára. Mo tún pariwo sí i.

Tíṣà dì mí lápá mú. "Bàbá Káfíńtà, ta lẹ ń bá jà gan-an?"

Kí n tó dáhùn, ọlọ́pàá ti dé. Mo yí sí káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó bá mi di gbohùngbohùn mú, kí n tún fìlà mi dé. Arákùnrin náà ti sá dé ọjà Àkẹ̀sán.

Ọlọ́pàá na kóńdó sí Rámátù nílẹ̀. "Ta ló ni eléyìí?"

Nínú gbogbo ìtàn tí mo máa ń sọ fún yín, akọni ni mí. Ẹ gbọ́ ohun tí akọni wí: "Èmi ò mọ̀ ọ́n o, ọ̀gá."

Láti ilẹ̀, Rámátù sọ ọ́ padà, "Mọ̀ ọ́n o, ọ̀gá."

Ọlọ́pàá wò mí. "Òun ní o mọ òun."

Mo ń wo bàtà mi.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra bi Rámátù pé, "Ṣé o fẹ́ lọ Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Lọ Ògbómọ̀ṣọ́."

Ó dìde, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ gbọ́? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ láti kékeré rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóńdó ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, mo sì fà sẹ́yìn. Sàfúrátù ló bọ́ síwájú.

"Rámátù, ṣé ọ̀gá yìí ni ọkọ rẹ?"

"Ni ọkọ rẹ."

Ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. Sàfúrátù ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú oríire, àna mi. Ọjọ́ wo lẹ máa wá gbé ìyàwó yín?"

Ojú ti ọ̀gá náà. Ó yíjú sí Sàfúrátù. "Báwo wá lẹ ṣe ń mọ ohun tó fẹ́?"

"Ẹ wá sí yàrá wọn. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa wò ó. Yóò hàn sí yín."

Ó wá lóòótọ́, ó jókòó títí tí oòrùn fi yẹ̀. Wọn ò ti yàrá náà mọ́, Rámátù ò sì lọ sí Ìrẹsà. Èrè wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọn ò lẹ́ni tó máa tẹ́ ẹní síwájú ọ́fíìsì fún wọn ni wọ́n kó lọ sílé onígéètì náà, a ò sì jà fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bẹ́ sí títì kò gbà kí wọ́n mú òun jáde nílé mọ́. Ìjọba kọ́ ló ṣe ìyẹn fún un. Èmi ni. Títí dòní, mo ṣì ń rí àwọn tó fẹ́ jà fún irú Rámátù tí wọ́n ń bèèrè ilé, tí wọ́n ń bèèrè mọ́tò, tí wọn ò bèèrè ohun tí olúwarẹ̀ fẹ́. Gbèsè yẹn ṣì wà nílẹ̀.

A-mọ-ẹjọ́-lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, mo di pákó mọ́ kẹ̀kẹ́, mo gba yàrá wọn lọ. Sàfúrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní mo fẹ́ kan bẹ́ǹṣì fún wọn, mo sì ní kó jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa fún ọlọ́pàá níjọ́sí, ẹ̀rù ló bà mí.

Ó wo pákó náà. "Òótọ́ lẹ sọ fún un, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé pákó yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá jókòó."